Òróró Àgbọn Ponsyana

Ẹni tó bá wọ ọgbà ilé Ponsyana lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Ọmọ, ìdí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí. Ìdí náà á wà lókè bí ẹrù kábéèjì tó ń retí ọkọ̀, orí á wà nísàlẹ̀ lábẹ́ táǹkì alùpùpù, ohùn á sì máa ti ibẹ̀ jáde bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Manang." Delfin ni, àbúrò ọkọ rẹ̀, Manang ló sì máa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin. "Mo ní kí n yà kí yín, àmọ́ n ò mọ apá ibo lára yín ni kí n kí."

"Kí èyí tó kọjú sí ọ. Òun ni mo fi ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, ó ti gbọ́ ìwàásù ju orí lọ."

Delfin rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ìkíni ló gbé e wá. Ó wá wo bóyá alùpùpù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe dáadáa, ó sì ń gbàdúrà nínú pé kó má ṣe dáadáa.

Ọmọ tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí, ère Jésù Ọmọdé ni. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kò ga ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá lọ, ó dé adé páànù, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Lọ́dọọdún, nínú òtútù oṣù kìíní, gbogbo abúlé Batawel ló máa ń sìn ín láti ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ lọ sí ilé àdúrà kékeré tó wà lórí òkè. Láyé àtijọ́, èjìká ni wọ́n fi ń gbé e. Òfin tí àwọn àgbà fi lélẹ̀ ni pé èjìká tó bá sọ Ọmọ kalẹ̀ lọ́nà, èjìká mìíràn ni kó gbà á, ilé ẹni tó gbà á náà ni Ọmọ yóò sì máa sùn títí ọdún yóò fi yípo. Nígbà tí làkúrègbé mú àwọn eléjìká, wọ́n fi alùpùpù rọ́pò èjìká, òfin ò sì yí padà. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú lọ́nà, ó ti sọ Ọmọ kalẹ̀ nìyẹn.

Alùpùpù Teyong, ọkọ Ponsyana, ló ń gbé e látìgbà náà, kò sì tíì kú rí. Bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ ṣe di ọmọ ilé Ponsyana. Ọmọ mẹ́ta ni òun fúnra rẹ̀ bí. Ọ̀kan ń tọ́jú arúgbó ní Kánádà, ọ̀kan ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan wà ní Dubai. Ọmọ onígi yìí nìkan ló kù nílé fún un láti máa jí láàárọ̀, láti máa rán aṣọ fún, àti láti máa bá jà bí òjò bá ba kárọ́ọ̀tì jẹ́ lóko. Ó mọ̀ pé ère kì í fèsì. Àmọ́ Teyong náà kì í fèsì, ojú ère ṣì ń fi hàn pé ó ń gbọ́. Lọ́dún yìí, ṣòkòtò àti ẹ̀wù àwọn mẹkáníìkì ló rán fún un, ó tilẹ̀ ṣe àpò kékeré sí i nídìí fún àkísà tí wọ́n fi ń nu ọwọ́. Bí wọ́n bá gbé e lọ sílé Delfin, ta ni òun yóò máa rán aṣọ fún?

"Alùpùpù tèmi ti wà ní sẹpẹ́ o," Delfin ní. "Mo ti fọ̀ ọ́. Mo ti so tìmùtìmù mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́, ẹ mọ̀, ayé ò ṣeé fọkàn tán."

"Tìmùtìmù. O ti so tìmùtìmù."

"Ti àǹkárá pupa ni. Kábúrétọ̀ kan péré ni tèmi ní, Manang, kò ní ẹni tó máa bá jà. Ìdílé yín ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì yìí."

Òótọ́ wà níbẹ̀, ohun tó sì ń dun Ponsyana nìyẹn. Alùpùpù Teyong, àgbà ni láàárín àwọn alùpùpù Japan. Mẹ́rin ni sìlíńdà rẹ̀, mẹ́rin ni kábúrétọ̀ rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀kan. Kábúrétọ̀ ni ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti epo ti ń pàdé kí wọ́n tó wọlé lọ jóná. Ó dà bí ìgbà tí obìnrin mẹ́rin bá ń gún ìrẹsì nínú odó kan. Bí gbogbo wọn bá ń gún dọ́gba, odó á máa kọrin. Bí ọ̀kan bá ń fi gbogbo ara gún tí ọ̀kan ń ronú ọkọ rẹ̀, odó á máa jó kiri ilẹ̀, ìrẹsì á sì máa fò bá adìyẹ. Lójú eré, wàá máa rò pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́. Ìgbà tí o bá ní kí ó máa rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun ni ìjà wọn á hàn síta. Ìrìn ẹsẹ̀ àwọn arúgbó sì ni wọ́n fi ń sin Ọmọ gòkè.

Ponsyana fa orí jáde lábẹ́ táǹkì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan dúdú, ìkejì pupa.

"Ìjà ti parí," ó ní. "Ọdún yìí, n ò fi etí ṣe é mọ́. Jókòó, kí o wo nǹkan."

Tẹ́lẹ̀, etí ló fi ń ṣe é. Á ki rọ́bà oníhò kan bọ etí, á gbé ẹnu kejì sí ọ̀fun kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, á sì máa yí súkúrù títí èémí wọn yóò fi bára mu. Ṣùgbọ́n nígbà Kérésì, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ létí òkun, níbi tí àgbọn ti ń já lu òrùlé bí àlejò tí kò mọ ìwà hù. Ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ti fi irinṣẹ́ kan hàn án. Rọ́bà oníhò tó mọ́ gaara tí ojú ń rí inú rẹ̀ ni, wọ́n ká a bí ìwọ̀, wọ́n kàn án mọ́ pátákó, wọ́n da òróró sí ìsàlẹ̀ ibi tó ká náà. Ẹnu kan á wà lára kábúrétọ̀ kan, ẹnu kejì lára èkejì. Èyí tó bá ń fà jù nínú àwọn méjèèjì á fa òróró sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí òróró bá dúró dọ́gba lápá méjèèjì, ìjà parí.

Òróró àgbọn ni wọ́n lò, nítorí òun ló kún ilé. Wọ́n fi èso tí wọ́n fi ń kun ọbẹ̀ sọ ọ́ di pupa kí ojú lè tètè rí i. Nínú oòrùn etí òkun yẹn, òróró náà ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú rọ́bà bí aláǹgbá lára ògiri. Ponsyana ní òun gbọ́dọ̀ ní tòun. Orí itan ló gbé e lé nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi délé, kò jẹ́ kí ẹni tó jókòó tì í fọwọ́ kàn án.

"Ó dára," ni Delfin wí. "Ẹ fi hàn mí."

Ìkùukùu ṣì wà lórí oko. Ponsyana wọ súwẹ́tà ọkọ rẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ó ki ẹnu rọ́bà bọ ihò kékeré ara kábúrétọ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì, ó pe Teyong jáde nínú ilé pé kó wá ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ó wúkọ́, ó gbéra. Gbogbo wọn wo pátákó náà.

Òróró dúró dọ́gba bí ojú ẹja.

"Wò ó," Ponsyana ní.

Ó yí súkúrù díẹ̀ sọ́tùn-ún, kó lè rí i bí òróró yóò ṣe gbéra. Kò gbéra. Ó yí i sósì. Kò gbéra. Ó yí i sọ́tùn-ún gan-an. Òróró dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró ya fọ́tò. Inú Ponsyana dùn. Ó gbé e sára ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, bákan náà ni. Ó yí ibí, ó yí ọ̀hún, gbogbo ohun tó ṣe ni òróró ń gbà fún un.

Teyong, tó di ọwọ́ tí wọ́n fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná mú, yẹ ojú wo ìyàwó rẹ̀. "Baket," ó ní, orúkọ tí ọkọ fi ń pe ìyàwó tó ti dàgbà, "ó ń tiro."

"Etí rẹ ló ń tiro, Lakay." Lakay ni òun náà fi ń pe ọkọ.

"Mo ní ó ń tiro."

"Ṣé ìwọ lo máa sọ fún mi ni àbí irinṣẹ́? Ta lo ti rí tó ń bá irinṣẹ́ jiyàn?"

Etí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ nǹkan. Ó gbọ́ 'pàó' kan tó ń sálọ nínú sàlẹ́ńsà, ó gbọ́ bí odó ṣe ń jó kiri ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Delfin wà níbẹ̀, Ponsyana sì ti fọ́nnu tán níwájú rẹ̀, ìfọ́nnu sì dà bí ìgbẹ́ gbuuru, tó bá ti bọ́ síta, kò sí ẹni tó lè pè é padà. Ó bo táǹkì, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó ní, "Lọ tú tìmùtìmù rẹ."

Delfin kò tú u.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé Ọmọ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ mẹkáníìkì rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Àga kékeré kan wà lẹ́yìn alùpùpù, ibẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Teyong gun alùpùpù, Ponsyana ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ kan lára àga. Ó wọ aṣọ funfun tó fi ń lọ gba ara Olúwa, ó fi okùn gbé pátákó rẹ̀ kọ́ èjìká, nítorí ó ti sọ fún gbogbo abúlé pé òun fẹ́ kí Fadá wọ́n omi sí i lórí òkè. Lẹ́yìn wọn ni Delfin wà, ó ń ti alùpùpù tirẹ̀ bọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú tìmùtìmù àǹkárá pupa. Lẹ́yìn Delfin ni àwọn obìnrin akọrin, Rufina, ìyàwó Delfin, ló sì ṣíwájú wọn.

Wọn kò tíì kọjá ilé ìwé tí adé Ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Jìgìjìgì. Orí rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kọ oúnjẹ. Teyong bá fún un níná, ó fò síwájú. Ó dẹwọ́, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú. Ó tún fún un níná. Àwọn arúgbó iwájú sá bọ́ sínú oko kárọ́ọ̀tì.

"Manang," Delfin ké láti ẹ̀yìn, "ṣé Ọmọ ń sọ pé rárá ni?"

"Ó ń sọ pé òun ò fẹ́ rí ojú rẹ."

Ṣùgbọ́n ọkàn Ponsyana ti dé inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Tipátipá ni wọ́n fi dé ìdí àgbélébùú tó wà láàárín ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti máa ń dúró pe orúkọ àwọn Ẹni Mímọ́ kí wọ́n tó kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìkẹyìn. Ibẹ̀ ló ga jù, ibẹ̀ ló sì yẹ kí alùpùpù rọra rìn jù.

Teyong kò yí ọrùn. "Baket, tí mo bá dẹwọ́ báyìí, ó kú. Tá a bá sì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo gbọ́dọ̀ dẹwọ́."

"Má dẹwọ́."

"Mo mọ̀."

Rufina bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Pétérù Mímọ́." Gbogbo ènìyàn dáhùn pé, "Gbàdúrà fún wa." Ponsyana kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán rò pé ìfọkànsìn ni, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ nujú. Ó ki rọ́bà bọ ihò kábúrétọ̀, ó wo òróró. Ó dọ́gba. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, òróró dọ́gba. Ó fa awò ojú rẹ̀ sílẹ̀ láti orí, ó tún wò ó. Ó yọ rọ́bà kúrò, ó rọra yí pátákó náà dorí kodò.

Òróró kò mira.

Ó fi ìka tẹ rọ́bà. Ó le bí àbẹ́là. Òróró tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ létí òkun ti di àwọ̀ ọsàn, ó ti dì pátápátá, ó sùn fọnfọn nínú òtútù òkè láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Létí òkun, òróró àgbọn kì í dì, kò sí òtútù tó máa dì í. Láti ìgbà tó sì ti délé ọkọ, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín nǹkan, kò sì rí òróró àgbọn nínú òtútù rí. Irinṣẹ́ tó ń gbà fún un nínú gbogbo nǹkan láàárọ̀ àná, oorun ló ń sùn.

Ponsyana bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹni tó nujú lẹ́ẹ̀kan tún nujú.

"Kí ló dé?" ni Teyong bèèrè.

"Ọkọ mi, àbẹ́là ni mo fi ṣe mẹkáníìkì."

"Mo ní ó ń tiro."

"O ní bẹ́ẹ̀. Má sọ ọ́ mọ́."

Kò sí iná nítòsí, àfi ti àbẹ́là àwọn akọrin, èyí yóò sì yọ́ rọ́bà pọ̀ mọ́ òróró. Ponsyana wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó já rọ́bà kúrò lára pátákó, ó ṣí ọrùn aṣọ funfun rẹ̀, ó sì rọ ọ́ bọ àárín ọmú méjèèjì. Òtútù rẹ̀ mú un débi pé ó pe orúkọ Ẹni Mímọ́ kan tí kò sí nínú àdúrà. Ó fi apá méjèèjì gbá àyà mọ́ra, ó tẹ orí ba. Ọmú náà ti tọ́ ọmọ mẹ́ta, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wà láìníṣẹ́, ó sì jọ pé inú rẹ̀ dùn pé wọ́n tún rántí òun.

Rufina rí i. Ó rí rọ́bà tó yọ jáde lọ́rùn aṣọ, ó rí òróró tó dì nínú rẹ̀, ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń tiro, ó sì yí ojú wo ọkọ rẹ̀ tó ń gbọn eruku orí tìmùtìmù. Ó rántí pé ilé tí Ọmọ bá ń gbé, ibẹ̀ ni gbogbo abúlé ti ń gbàdúrà lọ́jọọjọ́ Ẹtì, wọn kì í sì í gbàdúrà láìjẹun. Ó rántí ìkòkò. Ó rántí ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́.

Orúkọ ìkẹyìn ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Rafaẹli Mímọ́," ló fi rọ́pò rẹ̀.

"A ti pe Rafaẹli," ni Delfin sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Rafaẹli Mímọ́, nítorí pé o kò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan."

"Gbàdúrà fún wa."

"Ẹ̀yin Mímọ́ tí a kò mọ orúkọ yín."

"Ẹ gbàdúrà fún wa."

"Ẹ̀yin Mímọ́ tí a mọ orúkọ yín tẹ́lẹ̀, tí a ti gbàgbé."

Fadá ṣíjú, ó wo Rufina, ó tún pa á dé. Òun náà ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sì kánjú láti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ponsyana fa rọ́bà jáde. Òróró ti yọ́, ó ń dà lọ dà bọ̀, ó ń rùn bí irun ọmọge. Díẹ̀ ti jò sí aṣọ, àyà rẹ̀ pupa. Pátákó kò wúlò mọ́, kò sì sí ibi tó lè gbé rọ́bà kọ́ àfi ibì kan. Ó nàró lórí orúnkún, ó gbé rọ́bà náà kọ́ ọwọ́ ọ̀tún Ọmọ, tó ti nà án síwájú láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, ibi tó ká tí òróró wà sì ń fì nísàlẹ̀.

"Dì í mú fún mi," ó sọ fún un. "Ìwọ náà ti wọ aṣọ iṣẹ́."

Ó ki ẹnu méjèèjì bọ kábúrétọ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì. Òróró fò sókè sápá kan bí ẹni tí èèrà ta. Ó yí súkúrù. Òróró rọ̀ wálẹ̀. Ó tún yí i ní ìwọ̀n irun ojú kan. Ó dọ́gba, àmọ́ dídọ́gba tèyí ń mí, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí omi inú ife lórí tábìlì arúgbó. Ó kọjá sí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin.

"Bonifasyo Mímọ́," ni Rufina ń wí.

"Bàbá àgbà wa ni Bonifasyo," Delfin ní, kò sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ mọ́. "Ọ̀mùtí ni."

"Ó ti kú. Ta ló sọ fún ọ pé kò ronú pìwà dà?"

"Gbàdúrà fún wa," ni gbogbo ènìyàn dáhùn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ Bonifasyo, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀.

Súkúrù tó wà láàárín ló kù, èyí tó so ìdajì mọ́ ìdajì. Ponsyana na apá bọ abẹ́ táǹkì, ẹ́ńjìnnì jó o níka, ó bú ẹ́ńjìnnì, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọmọ, ó yí i. Ariwo yí padà. Kì í ṣe pé ó lọ sílẹ̀ gan-an. Odó ni kò jó kiri ilẹ̀ mọ́. Jìgìjìgì adé dín kù, ó di jìgì kan, ó dákẹ́.

"Dẹwọ́," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

Teyong wò ó.

"Mo ní dẹwọ́, Lakay."

Teyong dẹwọ́. Ẹ́ńjìnnì ń lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń ṣòfófó ẹni karùn-ún. Ponsyana dí àwọn ihò náà padà, ó ká rọ́bà sọ́rùn. Rufina wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé ó ti kúrò lábẹ́ táǹkì. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀yin Ẹni Mímọ́," ó sì parí àdúrà bí ẹni tí ẹ̀wà ń jóná nílé.

Wọ́n gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú ìrìn ẹsẹ̀ ẹni tó gbó jù nínú wọn. Ìgbà kan, obìnrin kan tó ń tẹ̀pá dúró láti mí, alùpùpù náà dúró dè é, ẹ́ńjìnnì ń ṣòfófó lọ. Adé Ọmọ ò dún. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilé àdúrà, Ponsyana fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó pa á.

Delfin wá dúró níwájú rẹ̀. Ó wo rọ́bà ọrùn rẹ̀, ó wo àyà aṣọ rẹ̀ tó pupa.

"Kí ló ṣe yín láyà, Manang?"

"Mo ń tọ́mọ."

Delfin fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló borí. Ó tú tìmùtìmù kúrò lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó jókòó lé e. "Ó dáa. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi náà á wá oníkábúrétọ̀ mẹ́rin. Ẹnì kan nílùú Baguio fẹ́ ta tirẹ̀. Ẹ óò rí i."

Nígbà tí Fadá ń wọ́n omi kiri, Rufina sún mọ́ Ponsyana, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Manang, òróró àgbọn yẹn, ṣé ó ṣẹ́ kù nílé?"

"Ó kún ìgò kan. Kí lo fẹ́ fi ṣe, ṣé irun ni?"

"Rárá o. Delfin máa nílò irinṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀," Rufina ní, ojú rẹ̀ mọ́ bíi ti Ọmọ. "Mo fẹ́ bá a po òróró tó máa dà sí i."